Owó Tó Kù Lọ́wọ́, Ọjọ́ Mélòó Ni Yóò Gbé Ilé Wa?

  

Ọ̀rọ̀ owó la fẹ́ bá yín sọ nínú ìwé yìí. A fẹ́ ṣàlàyé bí ilé tó ní èèyàn mẹ́jọ, mẹ́sàn-án tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ṣe lè fi owó díẹ̀ gbé ara rẹ̀ ró nígbà tí kò sẹ́ni tó mọ ọjọ́ tí yóò padà sílé. Ẹ̀yin ìdílé etí odò Ògùn, láti Ìṣẹrì àti Kàrà títí dé Àgbóyì àti Àjẹ́gúnlẹ̀ tó wà lọ́nà Ìkòròdú, la kọ́kọ́ ní lọ́kàn, ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni tí omi lé jáde lè lò ó.

Bí ẹ bá gbàgbé gbogbo ìyókù, ẹ má gbàgbé èyí: ọjọ́ ni kí ẹ fi wọn owó yín. Ohun tí ilé ńlá nílò lẹ́yìn omíyalé kò lóǹkà, ṣùgbọ́n ọjọ́ tó wà nínú oṣù lóǹkà. Ẹ sì ya ojú owó tí ẹ fi ń ṣòwò sọ́tọ̀, kí oúnjẹ má bàa gbé e mì.

ẸKÀ Á KÍ Ẹ TÓ NÁ AN

Kí àwọn àgbà ilé jókòó pọ̀ ní ìrọ̀lẹ́ kan, pẹ̀lú àwọn ọmọ tó ti dàgbà. Ẹ mú bébà kan àti bírò. Ní apá kan, ẹ kọ ohun tó wà: owó ọwọ́, owó bánkì, owó tó wà lọ́dọ̀ alájọ, oúnjẹ tí kò bàjẹ́, irinṣẹ́ tó ṣì ń ṣiṣẹ́, àti iṣẹ́ ọwọ́ tí kálukú mọ̀ ọ́n ṣe. Ní apá kejì, ẹ kọ gbèsè tí ẹ jẹ àti ọjọ́ tí ẹ gbọ́dọ̀ san án.

Owó tí ẹnì kan ṣèlérí kì í ṣe owó tó wà lọ́wọ́. Bí ọmọ ìyá yín tó wà lókè òkun bá ní òun yóò fi nǹkan ránṣẹ́, ẹ má tíì kọ ọ́ sílẹ̀. Ọ̀rọ̀ yìí kan ìrànlọ́wọ́ tiwa náà. Ìgbà tí ẹrù bá dé ọwọ́ yín ni kí ẹ tún ètò yín ṣe.

Ọ̀pọ̀ ilé ni bàbá kò ti mọ iye tí ìyá ní, tí ìyá kò sì mọ ti bàbá. A kò ní kí ẹ da gbogbo rẹ̀ pọ̀. Ṣùgbọ́n kí kálukú sọ iye tí òun lè dá sí ti ilé lóṣù yìí, kí ó sì dúró lórí ọ̀rọ̀ rẹ̀. Ilé tí ẹni méjì ti ń náwó láìsọ fún ara wọn máa ń ra gaàrí lẹ́ẹ̀mejì lọ́jọ́ kan, kí ó tó wá di pé kò sówó ọṣẹ lọ́jọ́ kejì.

Ẹ PÍN IN SÍ APÁ MẸ́RIN

Ẹ jẹ́ ká fi àpẹẹrẹ kan ṣàlàyé. Ká sọ pé èèyàn mẹ́sàn-án ló wà nínú ilé: bàbá, ìyá, ọmọ márùn-ún, ìyá àgbà àti ọmọ àbúrò kan. Gbogbo owó tí wọ́n rí kó jọ jẹ́ ₦240,000. Bí wọ́n bá kàn pín in sí ọjọ́ 28, yóò dà bíi pé wọ́n lè ná ₦8,500 lójúmọ́. Bí wọ́n bá ń ná an bẹ́ẹ̀, ní òpin ọ̀sẹ̀ kẹrin kò ní sí owó mọ́, kò sì ní sí òwò mọ́.

Báyìí la ṣe lè pín in:

1. Ojú owó: ₦70,000 fún òwò ìyá àti irinṣẹ́ bàbá. A kì í jẹ nínú rẹ̀. Ó ku ₦170,000.

2. Owó àìròtẹ́lẹ̀: ₦30,000 fún àìsàn tàbí ìrìn àjò òjijì. Ó ku ₦140,000.

3. Ìnáwó tó dájú: ₦28,000 fún ọkọ̀, ọṣẹ, omi mímu, káàdì fóònù, àti aṣọ nǹkan oṣù fún ìyá àti àwọn ọmọbìnrin tó ti bàlágà. Ó ku ₦112,000.

4. Oúnjẹ àti ìdáná: ₦112,000 yìí la wá pín sí ọjọ́ 28. Ó jẹ́ ₦4,000 lójúmọ́, tàbí ₦28,000 lọ́sẹ̀.

Àpẹẹrẹ lásán ni iye wọ̀nyí. Ẹ fi ti yín rọ́pò wọn, kí ẹ sì tẹ̀ lé bí a ṣe tò wọ́n. Ẹ fi apá kọ̀ọ̀kan sínú àpò ìwé tàbí ọ̀rá tirẹ̀, kí ẹ kọ orúkọ sí i lára. Ọ̀sẹ̀ kan ṣoṣo ni kí owó oúnjẹ wà nítòsí. Kí ìyókù wà ní bánkì tàbí lọ́wọ́ ẹni tí ẹ fọkàn tán, nítorí owó tó wà lábẹ́ ìrọ̀rí níbi tí èèyàn pọ̀ sí kì í pẹ́ lọ.

Ẹ lè rí i pé ₦4,000 kò tó èèyàn mẹ́sàn-án. Òótọ́ ni, ó lè má tó. Èrè ìṣirò yìí ni pé òní lẹ ti mọ̀. Ẹni tó mọ̀ lónìí pé owó òun yóò tán lọ́jọ́ kejìdínlógún ṣì ní ọjọ́ mẹ́tàdínlógún láti wá nǹkan ṣe sí i: kí ó wá iṣẹ́ òòjọ́, kí ó rán ọmọ méjì lọ sọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n fún ìgbà díẹ̀, tàbí kí ó wá bá wa kí ìkòkò tó gbẹ. Ẹni tí kò ṣírò rẹ̀ kò ní mọ̀ títí owó yóò fi tán, gbèsè nìkan ni yóò sì kù fún un.

ÈBÙ IṢU NI OJÚ OWÓ

Àgbẹ̀ tó bá se èbù iṣu rẹ̀ jẹ yóò yó lọ́jọ́ náà. Ṣùgbọ́n bí àkókò ọ̀gbìn bá dé, kí ni yóò gbìn? Bẹ́ẹ̀ náà ni ojú owó rí. Ìyá tó ń ta ata, télọ̀ tó ní ẹ̀rọ ìránṣọ kan, ẹni tó ń ta ẹja gbígbẹ, ohun tí wọ́n fi ń ṣòwò ni yóò gbé ìdílé padà sílé. Ìrànlọ́wọ́ yóò dópin lọ́jọ́ kan.

Ẹ má dúró dìgbà tí òwò náà yóò tó bó ṣe wà tẹ́lẹ̀. Ẹ fi ìdajì ojú owó bẹ̀rẹ̀ níbi tí ẹ wà báyìí, kí ẹ wo bí ọjà ibẹ̀ ṣe ń lọ kí ẹ tó fi ìyókù lé e. Ohun tí àwọn èèyàn ń rà lójoojúmọ́ ló máa ń yá jù lásìkò báyìí: ata, iyọ̀, ọṣẹ, èédú, àkàrà. Èrè nìkan ni kí ẹ jẹ, kí ẹ sì máa dá díẹ̀ nínú rẹ̀ padà sára ojú owó. Bí ẹ kò bá kọ iye tí ẹ fi ra ọjà àti iye tí ẹ tà á sílẹ̀, ẹ kò ní mọ̀ bóyá èrè lẹ ń jẹ tàbí èbù.

ÌKÒKÒ ILÉ ŃLÁ

Ẹni tó ń ra ìrẹsì ní dẹ́rìkà lójoojúmọ́ máa ń san ju ẹni tó rà á ní kóńgò lọ, owó tí oníkóńgò san sì ju ti ẹni tó ra àpò. Ìdílé kan tí omi lé kúrò nílé lè má lówó àpò kan, kò sì ní ibi gbígbẹ tí yóò gbé e sí. Ṣùgbọ́n ìdílé mẹ́ta tàbí mẹ́rin lè dáwó jọ, kí wọ́n ra àpò ẹ̀wà tàbí gaàrí kan, kí wọ́n sì fi kóńgò kan náà wọ̀n ọ́n fún ara wọn lójú gbogbo èèyàn. Ẹ kó ti yín sínú bákẹ́ẹ̀tì tó ní ìdérí, kí ẹ gbé e kúrò nílẹ̀. Ẹ má rà ju ohun tí ẹ lè jẹ tán kí kòkòrò tó bà á jẹ́.

Owó ìdáná lè fẹ́rẹ̀ẹ́ tó owó oúnjẹ bí a kò bá ṣọ́ra. Ẹ rẹ ẹ̀wà mọ́jú, kí ẹ da omi rẹ̀ nù kí ẹ tó gbé e kaná. Yóò tètè jinná, èédú tí yóò jẹ yóò sì dín kù. Ẹ máa dé ìkòkò. Bí ìdílé méjì bá lè máa dáná pa pọ̀, iná kan yóò ṣiṣẹ́ iná méjì.

Ẹ má jẹ́ kí gaàrí àti ìrẹsì nìkan máa yí po. Ọmọdé tó ń jẹ gaàrí lásán lè yó, kó má sì dàgbà dáadáa. Ẹ̀wà, ẹ̀pà, sóyà, edé àti ẹja sàwá ni ẹran ẹni tí kò lówó ẹran. Ẹ fi wọ́n kún oúnjẹ lójoojúmọ́, kódà bó jẹ́ ẹ̀kúnwọ́ kan. Bí ẹ bá rí àpò mélòó kan àti iyẹ̀pẹ̀ tí omi ẹlẹ́gbin kò kàn, ẹ gbin tẹ̀tẹ̀ sínú rẹ̀. Láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí mẹ́fà, ẹ ó ti lè máa já ẹ̀fọ́ rẹ̀.

Ìyá tó ń fún ọmọ lọ́mú ni kí ẹ kọ́kọ́ bu oúnjẹ fún. Ọmọ tí kò tíì pé oṣù mẹ́fà kò nílò ju ọmú ìyá rẹ̀ lọ, kò nílò omi pàápàá. Àwọn kan máa ń sọ pé ìpayà ti gbẹ ọmú ìyá, wọ́n á sì fi owó oúnjẹ ilé ra mílíìkì agolo. Ìpayà lè mú kí ọmú lọ́ra láti sun, ṣùgbọ́n bí ọmọ bá ń mu ún léraléra, yóò máa sun. Ẹ fún ìyá náà ní omi, oúnjẹ àti ìsinmi. Bí ọkàn yín kò bá balẹ̀, ẹ lọ bá nọ́ọ̀sì kí ẹ tó ra agolo.

Ẹ má ju oúnjẹ tó dára nù, ṣùgbọ́n ẹ má sì tọ́jú oúnjẹ sísè mọ́jú níbi tí kò sí fíríìjì. Ẹ se ìwọ̀n tí ilé yóò jẹ. Ohun tó bá kù láàárọ̀, ẹ gbé e kaná kó hó dáadáa kí ẹ tó jẹ ẹ́ lọ́sàn-án. Jésù fúnra rẹ̀ bọ́ ọ̀pọ̀ èèyàn yó tán, ó sì ní kí wọ́n ṣa àjẹkù jọ kí nǹkan kan má ṣe ṣòfò. Nítorí náà, ẹ má jẹ́ kí ojú tì yín láti ṣọ́ nǹkan lò.

OHUN TÍ Ẹ KÒ GBỌ́DỌ̀ ṢỌ́ LÒ

Ìrẹsì, gaàrí, ẹ̀wà àti èlùbọ́ tí omi àgbàrá ti wọ̀, ẹ dà wọ́n nù. Ó dunni, a mọ̀. Ṣùgbọ́n omi náà ti gba inú ṣáláńgá àti ààtàn kọjá, sísá a sóòrùn kò sì lè mú àrùn kúrò nínú rẹ̀. Owó ìtọ́jú ẹni kan tó ní àrùn onígbáméjì lè ju owó àpò ìrẹsì lọ, ó sì lè la ẹ̀mí lọ.

Ẹ má dín owó omi mímu kù. Bí omi kò bá dá yín lójú, ẹ sè é títí yóò fi hó kùtùkùtù fún ìṣẹ́jú kan gbáko, kí ẹ jẹ́ kó tutù nínú ohun tó ní ìdérí. Ọṣẹ ìfọwọ́ àti àwọ̀n ẹ̀fọn náà wà lára ohun tí a kò gbọ́dọ̀ yọ kúrò nínú ètò, nítorí ẹ̀fọn máa ń pọ̀ lẹ́yìn omíyalé, ibà sì máa ń tẹ̀ lé e.

Bí ẹnì kan bá ń ṣunú, ẹ tètè bẹ̀rẹ̀ sí í fún un ní omi oníyọ̀ àti ṣúgà. Omi mímọ́ líta kan, ṣúgà ṣíbí tíì mẹ́fà tí a gé orí rẹ̀ dọ́gba, àti iyọ̀ ìdajì ṣíbí tíì. Ẹ má jẹ́ kí iyọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bí ẹ̀jẹ̀ bá wà nínú ìgbẹ́, bí ọmọ kò bá lè mu nǹkan, tàbí bí ojú rẹ̀ bá ti jìn wọnú, ẹ gbé e lọ sílé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀. Nítorí irú ọjọ́ yìí la ṣe ya owó àìròtẹ́lẹ̀ sọ́tọ̀.

BÍ Ẹ BÁ Ń GBÉ NÍLÉ ONÍLÉ

Ará tó gbà yín sílé kò ní bu owó lé yín, ṣùgbọ́n omi, iná àti ìkòkò rẹ̀ ti di ti èèyàn púpọ̀. Ẹ má dúró kó tó ráhùn. Ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, ẹ bá a jókòó, kí ẹ sọ ohun tí ẹ lè máa dá sí i: kóńgò gaàrí kan lọ́sẹ̀, owó iná, tàbí iṣẹ́ ilé tí àwọn ọmọ yín yóò máa ṣe. Bó ti wù kó kéré, ọwọ́ yín wà níbẹ̀. Èèyàn máa ń fara da àlejò tó ń ti nǹkan bọ̀ ju èyí tó ń wo ojú rẹ̀ lọ. Bí ìjà bá lé yín kúrò níbẹ̀, owó ilé tí ẹ ó gbà lójijì ni yóò da gbogbo ètò yín rú.

GBÈSÈ ÀTI ÀJỌ

Kí ẹ tó yá owó, ẹ lọ bá ẹgbẹ́ àjọ tàbí ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ yín. Ẹ bẹ̀ wọ́n kí wọ́n jẹ́ kí ó kàn yín ṣáájú, tàbí kí wọ́n sún ọjọ́ ìsanwó yín síwájú. Bí onílé tàbí oníṣọ́ọ̀bù bá ń retí owó lọ́wọ́ yín, ẹ lọ bá a kí ó tó wá bá yín, kí ẹ sì fún un ní díẹ̀ pẹ̀lú ọjọ́ tí ẹ lè mú ṣẹ.

Ẹ sá fún ṣọ́gúndogójì, ìbáà jẹ́ èyí tó jókòó sí ọjà tàbí èyí tó wà lórí fóònù. Bí ẹ bá yá ₦50,000, tí èlé rẹ̀ jẹ́ ₦5,000 lóṣù, láàárín oṣù mẹ́fà ẹ ó ti san ₦30,000, ₦50,000 yóò sì wà lọ́rùn yín síbẹ̀. Bó bá di dandan kí ẹ yáwó, kí ó jẹ́ fún ohun tí yóò mú owó wọlé. Ẹ má yáwó fún ayẹyẹ tàbí fún aṣọ ẹbí. Ẹbí tó bá mọ ohun tó dé bá yín kò ní bínú. Ṣe bí o ti mọ, ẹlẹ́wà Ṣàpọ́n.

Ẹnikẹ́ni tó bá ní kí ẹ sanwó kí orúkọ yín tó wọ ìwé ìrànlọ́wọ́ wa, ẹ má fún un ní kọ́bọ̀, kí ẹ sì fi tó wa létí. Ọ̀fẹ́ ni gbogbo ohun tí a ń pín.

ÀWỌN ỌMỌ ÀTI ILÉ ÌWÉ

Ohun àkọ́kọ́ tí ọ̀pọ̀ ìdílé máa ń gé kúrò ni ilé ìwé. A bẹ̀ yín, kí ó jẹ́ ohun ìkẹyìn. Òfin ẹ̀kọ́ ìpìlẹ̀ ọdún 2004 ní Nàìjíríà sọ pé ọ̀fẹ́ ni ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ àti ọdún mẹ́ta àkọ́kọ́ girama ní ilé ìwé ìjọba. Bí owó ilé ìwé aládàáni kò bá sí mọ́, ẹ mú ọmọ lọ sí ilé ìwé ìjọba tó wà nítòsí ibi tí ẹ wà báyìí. Bí ìwé rẹ̀ bá ti bá omi lọ, ẹ ṣàlàyé fún ọ̀gá ilé ìwé. Ọmọ tó fi ilé ìwé sílẹ̀ láti kiri ọjà fún oṣù méjì kì í fẹ́ padà, àgàgà ọmọbìnrin.

Ẹ má fi ipò tí ilé wà pa mọ́ fún àwọn ọmọ tó ti gbọ́njú. Ẹ sọ fún wọn pé, "Iye báyìí la ní lọ́sẹ̀ yìí." Ọmọ tó mọ̀ kì í béèrè ohun tí kò sí, òun náà á sì máa ṣọ́ ọṣẹ lò.

OWÓ OṢÙ KẸJỌ

Odò kì í gbàgbé ọ̀nà rẹ̀. Ní Ìbàdàn, omíyalé Ògùnpa wáyé ní ọjọ́ 31 oṣù Kẹjọ ọdún 1980. Omíyalé ńlá ọdún 2011 wáyé ní ọjọ́ 26 oṣù Kẹjọ kan náà. Ní ti ẹ̀yin ará etí odò Ògùn, omi tí wọ́n ń tú sílẹ̀ láti ìdídò Ọyán nígbà òjò máa ń kún ti òjò tó ti kún odò tẹ́lẹ̀. Nítorí náà, bí ẹ bá padà sílé, ẹ má kà á sí pé ó ti parí.

Ẹ bẹ̀rẹ̀ owó kan tí ẹ ó máa pè ní owó oṣù Kẹjọ. Bí ẹ bá ń dá ₦200 lójúmọ́ fún alájọ láti oṣù Kìíní títí dé òpin oṣù Keje, yóò jẹ́ ₦42,400. Bí alájọ bá mú ọjọ́ kan tirẹ̀ nínú oṣù kọ̀ọ̀kan, ₦41,000 yóò kù fún yín. Owó náà yóò gbé ẹrù, irinṣẹ́ àti ìyá àgbà kúrò níbẹ̀ kí omi tó dé. Ẹni tó rí owó ọkọ̀ san lọ́jọ́ tí wọ́n kéde pé omi ń bọ̀ kò ní fi gbogbo ilé sílẹ̀ fún un.

Lálẹ́ òní, ẹ kà, ẹ pín, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹ yan ọjọ́ kan lọ́sẹ̀, bí alẹ́ Sátidé, láti tún un wò: kí ló wọlé, kí ló jáde, ọjọ́ mélòó ló kù? Bí ẹ bá ṣe ọ̀sẹ̀ kan tí kò lọ bí ẹ ṣe fẹ́, ẹ má jẹ́ kó sú yín, ẹ tún ti ọ̀sẹ̀ kejì ṣe. Bí ìṣirò náà bá ta kókó, ẹ mú bébà yín wá síbi tí a ti ń pín ẹrù. A ó bá yín jókòó tì í, ọ̀rọ̀ owó yín kò sì ní jáde lẹ́nu wa.